Àwọn Àlejò Tó Ń Wọn Ojú Fèrèsé

Ilé wa,
Becontree, Dagenham.

Ọmọ́lẹ́wà ọmọ mi, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ọmọ olókè,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Olúṣọlá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ tó fi gbé fíríísà lọ́jọ́ tí ẹ ń kó ẹrù ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Eden ìyá mi kékeré ńkọ́? Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹyẹ tí kò lóko tí kò lódò, òun ni yóò máa bọ́ yín ní ìlú tí ẹ kó lọ. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ rere jáde láàárọ̀, ẹsẹ̀ rere náà ni ẹ ó fi wọlé nírọ̀lẹ́. Òtútù ibẹ̀ kò ní mọ orúkọ yín. Ẹni tó bá ní ọwọ́ yín kò ní ká nǹkan ní Lincoln, ọwọ́ tirẹ̀ kò ní rí ìbọ̀wọ́ wọ̀ ní oṣù òjò-dídì. Àmín.

Bí ẹ bá bèèrè èmi náà, mo wà láàyè, mo sì wà nínú ilé wa níbi tí ẹ fi mí sí. Mi ò fi bú yín o. Mo kàn ń sọ ibi tí mo wà ni.

O lè máa wò ó pé kí ló dé tí ìyá mi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà nílẹ̀. Fóònù kò dáa fún ọ̀rọ̀ tó gùn. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ọ tán tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwọ á ní o wà níbi iṣẹ́, o ó pè mí padà, nígbà tí o bá sì pè mí padà, èmi á ti bínú, ọ̀rọ̀ náà á ti tutù. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, òun ló kọ́ mi kún ìwé kejì tí mo kà kí wọ́n tó fà mí jáde pé kí n wá pọn àbúrò. Ó ní ìwé tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ẹni tó ń kà á kò ní lè já lu ọ̀rọ̀ onítọ̀hún. Nítorí náà, jókòó, máa kà á, má já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ilé wà dáadáa. Ewúro ẹ̀yìnkùlé ti ga dé ojú fèrèsé, òyìnbó ọkùnrin tó wà lápá ọ̀tún ti tún bèèrè pé irú òdòdó wo ni, mo gé díẹ̀ fún un, ó fi sínú ìkòkò omi lórí tábìlì rẹ̀. Orí kálukú ló ń yan ewúro fún un. Àpótí kékeré tí ẹ fi sílẹ̀ ní kíṣìnnì, èyí tó máa ń ka owó sókè bí mo bá gbé omi tíì kaná, mo ti fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó. Mi ò lè máa se omi kí nǹkan kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kó máa ka owó lé mi lórí bí orogún. Láti ìgbà tí mo ti bò ó ni owó iná ti dínkù.

Ìyá Mìdé ọ̀rẹ́ mi kí yín. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Beam Park, nínú ilé gogoro tuntun yẹn. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè níbẹ̀ mọ̀wàá hù ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, bí a bá dé ibi tí a ń lọ, á sọ fún wa pé a ti dé, èmi náà á sì ní ó ṣeun, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí okùn rẹ̀ já. Ìyá Mìdé ní kí n má dá a lóhùn mọ́ níwájú ènìyàn. Mo ní ojú ń tì í ni.

Ní ìjọ, mi ò sọ fún wọn pé owó ilé ló gbé yín kúrò ní London. Mo sọ fún wọn pé ìjọba ló rí ọpọlọ Olúṣọlá, tó ní kó wá bá àwọn tún Lincoln ṣe. Wòlíì ti gbàdúrà sí i, gbogbo ìjọ ṣe àmín, obìnrin kan tilẹ̀ sunkún. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè, ẹ̀rí kan náà ni kí ẹ jẹ́. Kí ni mo fẹ́ wí fún wọn? Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ìlú ńlá ni mo mọ̀ pé ọmọ ènìyàn ń lọ, ẹni tó wà lóko á lọ sí Adó, ẹni tó wà ní Adó á lọ sí Ìbàdàn, ti Ìbàdàn á lọ sí Èkó, ti Èkó á wá sí London. Mi ò rí ẹni tó dé òpin ọ̀nà tó tún yí padà rí. Mo sì rí fídíò tí Olúṣọlá ṣe, tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá kan dé òmíràn bí ẹni tí wọ́n ń lé, mo kí àwọn onílé títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, àṣé ilé yín ni. Nígbà tó yọ sí ìta, títì mọ́ fínnífínní, igi ń jó, ṣùgbọ́n ènìyàn dà? Mo ní ṣé òkú kan kú ní ìlú náà tí gbogbo wọn fi lọ síbi ìsìnkú? Òkè tó wà níbẹ̀ náà, mo sọ fún ọ lọ́jọ́ tí ẹ ń bẹ̀ mí pé kí n bá yín lọ pé ó ga jù, èmi kò lè gun òkè mọ́ ní ọjọ́ ogbó mi. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ òkè yẹn.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé kálámù nìyí.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹ lọ gan-an ni àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Levi ló ń kó wọn wá, ó wọ bàtà ẹnu ṣóṣóró, ó so kọ́kọ́rọ́ jánganjàngan mọ́ ìka bíi wọ́dà. Inú mi dùn. Mo ní áà, wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ mi ti lọ, wọ́n ń wá bá mi jókòó kí ilé má baà tóbi jù fún mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn ní ilé tiwa, bí wọ́n bá mú ọmọ ẹni lọ sílé ọkọ, àwọn aládùúgbò á máa yà wò ọ́ lójoojúmọ́ títí ojú rẹ á fi mọ́ra. Gbogbo ọdún yìí ni mo ti ń sọ pé òyìnbó kò mọ ìkíni, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀. Mo se mọ́ínmọ́ín, mo dín ẹran, mo wé gèlè, mo jókòó. Tọkọtaya kan ló kọ́kọ́ wọlé. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní wọn kò ní pẹ́, wọ́n gun òkè lọ tààrà, ọkọ fa téèpù yọ, ó ń wọn ojú fèrèsé. Mo ní ẹ wo ìfẹ́, wọ́n fẹ́ rán kọ́tìnnì fún mi. Ìyàwó ń fi ìka gbá ògiri kó kó kó, mo rò pé bí ìjọ tiwọn ṣe ń gbàdúrà sílé nìyẹn, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ mo ń ṣe àmín. Obìnrin mìíràn wá lọ́jọ́ kejì, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó dúró tì í ó ń wo omi tó ń dà, mo ní òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ni kò lè sọ, mo bu omi fún un. Àwọn kan wọ yàrá mi, wọ́n ní ó kéré. Mo ní kí wọ́n má fi ṣe ìyọnu, èmi nìkan ni mò ń sùn níbẹ̀. Kò sí ẹni tó wá tí kò gba àdúrà lọ, bó fẹ́ bó kọ̀. Levi fúnra rẹ̀ kì í kúrò láìjẹun mọ́. Ó ní látìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ilé tèmi nìkan ni òun ti ń làágùn.

Lẹ́yìn wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abdullah wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó lóyún, Bangladesh ni àwọn òbí wọn ti wá. Àwọn nìkan ló bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo wí. Mo pariwo, mo ní ẹ káàbọ̀ o, ọmọ Aládùúrà, ìjọ wo lẹ wà? Abdullah rẹ́rìn-ín, ó ní Mùsùlùmí ni àwọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe nílé àwọn. Mo ní kò burú, ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ń tẹ̀. Ó fẹ̀sọ̀ bi mí pé níbo ni mo ti ra ẹran, mo ní lọ́wọ́ alápatà tó wà lójú ọ̀nà Barking tó ń kírun kó tó dá ẹran dúbúlẹ̀, ni ọkàn wọn bá balẹ̀. Wọ́n jókòó. Àwọn àlejò àkọ́kọ́ tó jókòó nìyẹn. Ìyàwó jẹ mọ́ínmọ́ín títí imú rẹ̀ fi ń sun, kò sì dáwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, Ọmọ́lẹ́wà, bí tìrẹ ṣe wú nígbà oyún Eden. Mo di ìyókù sínú abọ́ aláwọ̀ aró mi tó ní ìdérí, mo ní kó gbé e lọ.

Ọjọ́ tí Ìyá Mìdé wá ni ilẹ̀ mọ́ mi. Mo ń ròyìn àwọn àlejò mi fún un, ó ń wò mí, ó ń wò mí, ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi di ògiri mú. Ó ní Mọ́níkẹ́, kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń wá kí o, ilé ni wọ́n ń wá wò, kí wọ́n lè háyà rẹ̀ bí o bá kúrò, aṣojú onílé sì ni Levi tó ń kó wọn wá. Ó ní ṣé Ọmọ́lẹ́wà kò sọ fún ọ pé ẹ ti fún onílé ní ìwé pé ẹ ń lọ ni? O sọ fún mi. Mo mọ̀ pé o sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o ń sọ ọ́, inú ń bí mi sí ọ, mo da fóònù dojú dé sórí tábìlì, mo lọ ń ṣa ẹ̀fọ́, nígbà tí mo padà dé, ìwọ ń sọ pé ó dàárọ̀.

Ó dùn mí. Kì í ṣe tìtorí ilé. Ó dùn mí pé mo ti ń wé gèlè.

Mo fi ẹ̀wọ̀n sẹ́nu ilẹ̀kùn. Levi kan ilẹ̀kùn títí, ó ń pè mí ní Mummy láti ojú ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà sí, mo ní Mummy rẹ ti lọ sọ́jà. Mo pinnu pé kò sí ẹni tó máa gbé mi kúrò nínú ilé yìí, ì báà ṣe ìwọ, ì báà ṣe onílé, ì báà ṣe London fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ni Eden pè mí lójú fóònù. Ọmọ́lẹ́wà, mo rí orí ọmọ yẹn. Mo rí i. Ẹ kó gbogbo irun rẹ̀ jọ sójú kan, ẹ fi rọ́bà dì í bí ẹni di ìtí ẹ̀fọ́ gbúre, ẹ kò la àárín, ẹ kò fi òróró kàn án. Mi ò bá ọ jà, mo mọ̀ pé ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí o fi ń lọ síbi iṣẹ́. Mo bi í pé ta ló ń ṣe orí rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni. Ó ní látìgbà tí àwọn ti dé Lincoln, orí òun kò dun òun rárá mọ́, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ó sọ ọ́ bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, mo pa fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa.

Níbi tí mo jókòó sí ni mo ti gbọ́ kó kó. Mo rò pé Levi ni, mo ti múra èébú sílẹ̀. Ìyàwó Abdullah ni, òun nìkan, ó gbé abọ́ aláwọ̀ aró mi dání. Mo gbà á, abọ́ náà wúwo. Mo ṣí i, ìrẹsì ni, ó gbóná, wọ́n da èso àjàrà gbígbẹ sínú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń gbé abọ́ oúnjẹ jáde ní Dagenham yìí, òfìfo ni wọ́n ń dá a padà, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ kedere, wọ́n á sì ní ó ṣeun. Ìyá tó bí mi máa ń sọ pé ẹni tó bá dá abọ́ rẹ padà lófìfo, ó ń sọ fún ọ pé ó parí síbẹ̀ nìyẹn. Èyí kò parí síbẹ̀.

Mo ní kó wọlé. Ó sọ fún mi pé yàrá kan ni òun àti Abdullah wà nílé àwọn àna òun ní Castle Green, létí títì ńlá, bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti ń kọjá ni ibùsùn á máa mì, ọmọ inú náà á sì tàpá. Ó ní ilé tí wọ́n bá fẹ́ràn, kí wọ́n tó dé bọ́ọ̀sì, ẹlòmíràn ti gbà á. Síbẹ̀, kò bèèrè ilé lọ́wọ́ mi. Ohun tó bèèrè ni pé ṣé mo ti jẹun lónìí. Ó ní Levi sọ fún àwọn pé mi ò ṣílẹ̀kùn mọ́, ọkàn òun kò sì balẹ̀.

Ọmọ́lẹ́wà, ẹnìkan wá kí mi nígbẹ̀yìn.

Nígbà tó lọ tán, mo gun òkè, mo wọ yàrá tí Eden ń sùn tẹ́lẹ̀, èyí tí mo ń gbá lójoojúmọ́ tí ìdọ̀tí kì í jáde níbẹ̀. Mo ní ó tán. Mo pe Levi, mo sọ fún un pé ilé ti rí olówó orí rẹ̀, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ó ní Mummy, onílé ló ń yàn, kì í ṣe ẹ̀yin, àti pé àwọn kan ń bọ̀ lọ́la tí wọ́n máa san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, mo ti wọ sùtánà funfun mi, mo jókòó sí àárín àtẹ̀gùn, mo gbé agogo àdúrà lé itan, mo ń ka Sáàmù karùndínlógójì sókè ketekete. Bí mo bá kà á tán, màá lu agogo, màá tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró nísàlẹ̀ wọ́n ń wò mí, wọ́n bi Levi pé ṣé èmi àti ilé náà la jọ ń lọ pọ̀ ni. Levi, ọmọ rere tó ti jẹ ata mi, ó ní kò dá òun lójú. Wọn kò gun òkè.

Ọjọ́ kejì ni onílé pè mí. Ohùn rẹ̀ le. Mo kí i, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo bèèrè ìyá rẹ̀, ó ní ìyá òun ti kú, mo bá a dárò, mo bi í pé irú obìnrin wo ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn, ohùn rẹ̀ ń rọ̀. Kó tó rántí ìdí tó fi pè mí, mo ti sọ fún un pé Abdullah ń wa bọ́ọ̀sì, ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, wọn kì í mutí, owó rẹ̀ yóò pé, wọ́n sì ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ń rojọ́ rẹ̀ fún yín láti ọdún yìí wá kò ní gbó. Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Ó ní kí wọ́n wá fọwọ́ síwèé.

Nítorí náà kí ó yé ọ, kí ó sì yé Olúṣọlá dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò lé mi. Ẹ̀bẹ̀ yín kọ́ ló borí mi. Èmi Mọ́níkẹ́ ni mo fọwọ́ ara mi fi ilé sílẹ̀ fún aboyún, mo sì ti fi ewúro hàn án bí wọ́n ṣe ń gé e kó tún lè hù. Mo gé igi mẹ́ta nínú rẹ̀ fún ara mi, mo fi aṣọ tútù wé ẹsẹ̀ wọn. Òkè Lincoln yẹn, mo ní kí Ìyá Mìdé tún fi í hàn mí lójú fóònù. Ó kéré. Ní Ẹ̀fọ̀n, àtẹ̀gùn la ó pè é.

Lẹ́yìn ìdúpẹ́ Ìkórè ni n ó máa bọ̀. Ẹ wá ìjọ tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà sílẹ̀ dè mí. Bí kò bá sí, pálọ̀ yín fẹ̀, mo rí i nínú fídíò. Kí Olúṣọlá fúnra rẹ̀ wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ rélùwéè, kó má fi fóònù pe ẹni tí mi ò mọ̀ rí wá gbé mi. Bí ènìyàn kò bá sí ní títì, èmi ó máa kan ilẹ̀kùn wọn, wọ́n á jáde.

Mo tún fẹ́ kí o fi owó ọkọ̀ rélùwéè ránṣẹ́ sọ́wọ́ Ìyá Mìdé, nítorí èmi àti báńkì inú fóònù tí o ṣe fún mi kò tíì bára wa rẹ́. Ó ní kí n wo òun lójú, mo wò ó, ó ní òun kò mọ̀ mí, èmi tí mo wé gèlè tuntun nítorí rẹ̀. Ìyá Mìdé ní kí n ṣí gèlè. Mo ní mi ò lè ṣí orí fún àjèjì kí n tó gba owó ara mi. Fi owó gaàrí kún un, àti ti ẹja gbígbẹ, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlọ nìkan ni kí o san. Ìyá Mìdé ní nígbà míì bí èèyàn bá ra àlọ pọ̀ mọ́ àbọ̀, wọ́n máa ń dín owó rẹ̀ kù. Mi ò fẹ́ ẹ̀dínwó. Bí àbọ̀ bá wà nínú àpò mi, tí Olúṣọlá bá wá fajú ro sí mi lọ́jọ́ kan, mo lè bínú lò ó. Mo mọ ara mi.

Kí Ọlọ́run tó mú mi la òkun kọjá mú mi dé ọ̀dọ̀ yín. Kí ilé tí ẹ wọ̀ gbà yín, kí ó gbà mí pẹ̀lú yín, kí ó sì gba àwọn tí a kò tíì bí. Ibi tó dákẹ́ tí ẹ lọ, kí ó jẹ́ dídákẹ́ oorun, kí ó má jẹ́ dídákẹ́ ọ̀fọ̀. Kí aboyún tó ń wọ ilé wa bí tibi-tire. Olúwa kò ní jẹ́ kí n bá yín nínú ìbànújẹ́, ẹ kò sì ní bá mi nínú àìsàn. Àmín.

Sọ fún Eden pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí rẹ̀ mọ́ títí n ó fi dé. Mò ń mú ìlarun mi bọ̀, àti òróró orí. Àárín ẹsẹ̀ mi ni yóò jókòó sí, ṣùkú ni mo sì máa dì fún un. Sọ fún un pé yóò dùn ún gan-an.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ́níkẹ́.